Hóró Méje Lórí Gíláàsì

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, hóró méje ni Iwao rí lórí gíláàsì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó nu ojú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó tún kà á. Méje náà ni. Hóró róbótó-róbótó ni wọ́n, apá kan wọn yọ ṣóńṣó díẹ̀. Kì í ṣe eruku ojú ọ̀nà, kì í ṣe èérú iná ìdáná. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi sugi ni, igi gàgàrà tó bo àwọn òkè àdúgbò náà, ẹni tó bá sì ti ń kà á láti ọdún mọ́kànlá kò lè ṣì í mọ̀.

Ó yẹ kó gbé fóònù pe ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí a tètè sọ ìyẹn ká kúrò níbẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ náà kò le. Níwájú gbọ̀ngàn àdúgbò Nukatani, àpótí kékeré kan wà lórí òpó, tó ní òrùlé ṣùgbọ́n tí kò ní ògiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí wọ oṣù Èbìbí, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Iwao á fi fasilíìnì pa gíláàsì pẹlẹbẹ kan, á tẹ́ ẹ síbẹ̀, á mú ti àná lọ sílé, á kán oògùn aláwọ̀ sí i lórí, á sì ka ohun tí afẹ́fẹ́ kó lé e. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì ló ń gba iye náà, wọ́n á kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn tí ara wọn kò gba lẹ́búlẹ́bú sugi. Òfin kan sì wà tí gbogbo àwọn tó ń kà á mọ̀: a kì í kéde pé sugi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú àfi tó bá hàn lórí gíláàsì lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó. Afẹ́fẹ́ lè gbé hóró mélòó kan wá láti etíkun, níbi tí ooru ti ń tètè dé, kí igi ti òkè ṣì máa sùn.

Iwao fẹ́ràn òfin yẹn. Ó tún ní ìṣirò kan tó fẹ́ràn jù ú lọ. Láti ọjọ́ kìíní ọdún, á máa ro ooru ọ̀sán ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó sì di ìgbà tí àpapọ̀ rẹ̀ bá pé irinwó kí sugi tó tú. Láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì fi ju ọjọ́ méjì lọ tàsé. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, igba ó lé àádọ́rin péré ló wà. Ìyẹn ló jẹ́ kó sọ fún Motoki, ọmọ rẹ̀, lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé kí wọ́n máa bọ̀, pé kò séwu títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Èrèlé.

Motoki bí ọmọbìnrin kan, Chihaya, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí àyà rẹ̀ kò gba sugi rárá. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n gbé e wá kẹ́yìn, ètè ọmọ náà sì ti dúdú bí aró kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni Sanae, ìyàwó Motoki, kò ti jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ kan Nukatani mọ́, ì báà jẹ́ nígbà ooru, ì báà jẹ́ nígbà tí ewé ń wọ́. Wàyí o, Iwao fẹ́ pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ọdún ayọ̀ ńlá ni wọ́n kà á sí ní ilẹ̀ wọn, kò sí ẹbí tó ń jẹ́ kí ọdún yẹn kọjá lórí bàbá wọn bẹ́ẹ̀ lásán. Sanae ro ó títí, ó ní òun á wá, tí Bàbá bá lè fọwọ́ sọ̀yà. Iwao fọwọ́ sọ̀yà.

Ó kọ méje sínú ìwé, ó pa ìwé dé, ó jáde lọ gbá yìnyín kúrò ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Yasaku, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti èwe, ti wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbin sugi òkè yẹn nígbà tí wọn ò tíì pé ogún ọdún, tí ìjọba ń pariwo pé igi ni kí gbogbo ayé máa gbìn. Igi náà dàgbà tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á mọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gé e.

"Iwao, imú ń yún mi láti àná."

"Ọtí ló ń yún ẹ nímú."

"Ọtí kì í yún mi lójú." Yasaku fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó na ìgbálẹ̀ sí òkè. "Wò ó bí orí wọn ṣe pọ́n, bí irin tó dípẹtà. Ìwọ lo ní ìwé ìṣirò, ojú lásán ni tèmi, àmọ́ àwọn igi yẹn ò sùn mọ́ o."

"Ojú tó ń ṣomi yìí náà lo fi rí i?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ wo lọmọ-ọmọ ẹ ń bọ̀?"

"Lọ́la."

Yasaku dá ìgbálẹ̀ dúró. "O ò ṣe ní kí wọ́n sinmi díẹ̀ ná?"

"Ọjọ́ méjì ni òfin wí."

"Òfin ta ni? Ṣé igi náà mọ̀wé ni?"

Iwao rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Òótọ́ kan wà tí ìṣirò rẹ̀ kò ní ibi tó lè kọ ọ́ sí, òtútù sì ni. Òdòdó akọ sugi a máa sùn ní ìparí ọdún, òtútù gidi ló sì ń jí i. Lọ́dún yẹn, òtútù ti kọ lu òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ, ó le débi tí omi ẹ̀rọ dì nínú páìpù, yìnyín sì jókòó sórí ẹ̀ka kò lọ mọ́. Òdòdó tètè jí. Ìgbà ooru tó ṣáájú ti gbóná gan-an, òdòdó kún orí ẹ̀ka débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti múra tán, ọjọ́ kan ṣoṣo tí oòrùn bá mú ni wọ́n ń retí. Iwao mọ gbogbo èyí. Ó kàn fẹ́ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, oòrùn mú. Afẹ́fẹ́ láti gúúsù ń fẹ́ lẹ́lẹ́, omi ń kán láti etí òrùlé gbogbo. Ní aago mẹ́sàn-án, Iwao pààrọ̀ gíláàsì bó ṣe yẹ, ó mú ti àná, ó wé e sínú bébà, ó tì í bọ àpò kóòtù. Kò gbé e sábẹ́ awò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Tazu, ìyàwó rẹ̀, ti dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé tìmùtìmù kékeré mọ́ àyà.

"Bàbá Motoki, oòrùn yìí mà dáa o! Ilé gbogbo ti sá tiwọn. Ṣé kí n sá ti ọmọ yìí? Ọdún méjì ló ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ń rùn."

Lóòótọ́, ilé gbogbo ti sá tiwọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìnyín, kò sí obìnrin kan ní Nukatani tó máa rí irú oòrùn bẹ́ẹ̀ tí kò ní kó ohun tí wọ́n ń sùn lé síta. Tìmùtìmù àti kúbùsù so sára irin gbogbo fèrèsé òkè, ìró ọ̀pá tí wọ́n fi ń lù wọ́n ń dáhùn ara wọn láti ilé dé ilé.

"Ṣé kò tíì sí nǹkan nínú afẹ́fẹ́?" Tazu tún bi í.

Iwao fọwọ́ kan àpò kóòtù. Gíláàsì wà nínú àpò rẹ̀.

"Sá a," ni ó wí.

Wọ́n dé ní ọ̀sán gangan. Chihaya bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ìbòmú tó bo ojú rẹ̀ dé abẹ́ ìpéǹpéjú, ó wo Iwao láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ ti kúrú o!"

"Èmi kọ́. Ìwọ lo ti di òpó iná."

"Màmá ní tí n bá hùwà dáadáa, n ó sùn síbí lọ́jọ́ mẹ́rin."

"Mẹ́rin péré? Mo rò pé o wá gba ilé ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná, ó kéré, Iwao kò sì fẹ́ kó fi òun sílẹ̀ mọ́ láéláé. Sanae kò tíì wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń wo òkè.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ṣé òótọ́ ni pé kò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"A ò tíì kéde," ni Iwao dá a lóhùn.

Kì í ṣe irọ́. Sanae tẹríba kí i, ó wọlé.

Wọ́n jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa sè, èyí tí Tazu dìídì sè nítorí ọjọ́ náà, wọ́n jẹ ẹja, Motoki mu ọtí gbígbóná ife kan, ojú rẹ̀ pọ́n. Tazu lọ lu tìmùtìmù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kó o wọlé, ó tẹ́ ẹ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ti rẹ ọmọ nínú mọ́tò, oorun ń gbé e lọ lórí ìjókòó. Tazu bọ́ ìbòmú rẹ̀, ó gbé e sùn sórí tìmùtìmù náà.

"Màmá, ó gbóná! Ó ń ta sánsán bí oòrùn," Chihaya wí, ó sì ti ojú bọ inú rẹ̀.

Ó tó nǹkan bí aago méjì kí Iwao tó gbọ́ ìró àkọ́kọ́. Láti òkè ló ti wá. Yìnyín já bọ́ lórí ẹ̀ka kan, ẹ̀ka náà sì ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù fún. Nǹkan rúsúrúsú kan rú jáde lára rẹ̀. Iwao dìde dúró ní ẹnu fèrèsé. Òmíràn já, òmíràn tẹ̀ lé e. Láìpẹ́, apá òkè tó kọjú sí oòrùn ń rú láti ìsàlẹ̀ dé àárín, débi tí àlejò ìbá fi rò pé òkè ń jóná, kó sáré lọ lu agogo. Afẹ́fẹ́ gbé èéfín rúsúrúsú náà, ó tẹ́ ẹ sórí àfonífojì, ó ń bọ̀ wá sílé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kánjú rárá.

"Ẹ ti fèrèsé!" Iwao pariwo. "Ẹ ti gbogbo ẹ̀!"

Wọ́n sáré ti gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù náà ti wà níta láti àárọ̀, ohun tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé kiri láìjẹ́ kí ojú rí i ti kún inú rẹ̀, ọmọ sì ti fi wákàtí kan mí i sínú. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá, Chihaya ti jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mímí rẹ̀ ń hàn bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kò sunkún. Kò sí èémí tó máa fi sunkún.

Sanae fa oògùn ìfàsímú yọ láti inú báàgì, ó fi sí ọmọ lẹ́nu, ó ń kà sókè. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìgbà kẹta, ó wo ọkọ rẹ̀, Motoki sì ti ń sáré lọ sídìí mọ́tò. Wọ́n fi aṣọ tútù bo orí ọmọ, wọ́n dì í gbé kọjá àgbàlá. Iwao bá wọn lọ, Tazu náà bá wọn lọ láìwọ bàtà gidi. Ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀nà náà, sugi ní ọ̀tún, sugi ní òsì, nǹkan rúsúrúsú ń tò sórí gíláàsì iwájú mọ́tò débi tí Motoki fi ní láti máa nù ún bí ìgbà tí òjò ń rọ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, ètè ọmọ yí padà. Iwao rí i nínú dígí, ó sì mọ àwọ̀ náà.

Dókítà ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn tì. Wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní èémí ti ń wọlé, pé tí wọ́n bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, òun ò mọ ohun tí òun ìbá sọ.

Ibẹ̀ ni Tazu ti kúnlẹ̀. Ó dorí kodò níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Èmi ni. Èmi ni mo sá tìmùtìmù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ́ ẹ. Má dárí jì mí, Sanae."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, Màmá."

"N kò ní dìde."

Iwao wo ẹ̀yìn ọrùn ìyàwó rẹ̀, irun funfun tó tú lórí rẹ̀. Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé, ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ òun nìkan. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ ń hó.

"Dìde, Ìyá Motoki," ó wí. "O bi mí, mo ní kí o sá a. Mo ti rí méje láti ọjọ́ Ajé."

Motoki yí ojú sí ògiri. Tazu gbé orí sókè, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì dìde fúnra rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé?" Sanae bi í. "A ò tíì kúrò nílé lọ́jọ́ Ajé."

"Mo mọ̀."

Wọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Nírọ̀lẹ́, nígbà tó délé, ó gbé gíláàsì tó wà nínú àpò rẹ̀ sábẹ́ awò. Hóró orí rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ọjọ́rú, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Iwao padà sí ilé ìwòsàn ní aago mẹ́jọ, ara rẹ̀ tutù rinrin. Chihaya ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mu wàrà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣì ń dún díẹ̀díẹ̀. Dókítà ń sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kó sinmi níbẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì.

"Ẹ gbé e lọ lónìí," Iwao wí láti ẹnu ọ̀nà. "Nísinsìnyí, kí òjò tó dá."

Motoki rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Bàbá tún ti bá wa mú ọjọ́."

"Gbọ́ mi. Ìsàlẹ̀ òkè nìkan ló tú lánàá. Yìnyín ṣì bo ti òkè pátápátá mọ́lẹ̀, òjò yìí ló ń fọ̀ ọ́ kúrò báyìí. Rédíò ní oòrùn máa mú lọ́la, afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́. Gbogbo ẹ̀ ló máa tú pọ̀ lọ́la. Abẹ́ igi ni ilé ìwòsàn yìí wà, inú igi ni ọ̀nà yín gbà dé etíkun. Nígbà òjò nìkan ni sugi kì í fò. Tí ẹ bá dúró di ọjọ́ Ẹtì, àárín ẹ̀ gan-an lẹ máa gbé e gbà."

"Dókítà ní kó sinmi," Motoki dáhùn.

Dókítà wo ojú fèrèsé, ó wo ọmọ. "Èmi ò mọ ohun tí igi máa ṣe. Tó bá di dandan, àyà rẹ̀ lè gba ìrìn náà lónìí. Mo lè pe ilé ìwòsàn ńlá ti etíkun kí wọ́n máa retí yín."

Gbogbo wọn wo Sanae. Ó ti dìde, ó wá dúró níwájú Iwao.

"Ẹ ní kò séwu di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Ẹ rí méje, ẹ dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

"Kí ló fà á?"

"Mo fẹ́ rí i," Iwao wí. Ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa. "Mo fẹ́ kí ẹ wá."

"Ní báyìí ńkọ́? Ṣé ẹ ti wá fẹ́ kí a lọ ni?"

"N kò fẹ́. Kò sóhun tí mo fẹ́ láyé yìí tó pé kí ẹ dúró. Ká ní irọ́ ni mo fẹ́ pa lónìí, màá ní kí ẹ dúró ni."

Ojú Sanae wú, kò tíì sùn láti àná. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Lọ gbé mọ́tò wá."

Òjò ń dà nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wọ ẹ̀yìn mọ́tò, kúbùsù ilé ìwòsàn yí i ká. Chihaya na ọwọ́, ó ní Bàbá àgbà kò tíì ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń lọ. Sanae jókòó síwájú, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá sọ gíláàsì fèrèsé mọ́tò kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì péré.

"Mo gbà yín gbọ́ lónìí, Bàbá. Ẹ ṣeun." Ohùn rẹ̀ tutù, ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ pé pérépéré. "Ẹ má pè wá mọ́ láti sọ ọjọ́ tó dáa. Tí a bá fẹ́ mọ̀, rédíò la ó máa gbọ́."

"Mo ti gbọ́," Iwao wí.

Sanae gbé gíláàsì fèrèsé sókè, mọ́tò sì lọ sínú òjò.

Wọ́n tẹ fóònù ní ọ̀sán pé àwọn ti dé etíkun. Motoki ló pè, Tazu ló gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ti dá. Oòrùn là láti àárọ̀, afẹ́fẹ́ gúúsù bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, gbogbo òkè sì tú lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìsàlẹ̀ dé orí, ìhà méjèèjì àfonífojì. Ó bo ọ̀nà, ó bo òrùlé, ó bo ilé ìwòsàn nísàlẹ̀ débi tí a kò rí i mọ́. Kò tíì sí ọdún kan tó rí bẹ́ẹ̀ lójú Iwao. Ó dúró ní ẹnu fèrèsé, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wò ó, pé òtítọ́ ni òun sọ. Tazu wà ní ilé ìdáná, ó gbọ́. Kò jáde.